Bọ̀dá Ọdẹ́kúnlé, Ẹni Tó Ń Wọn Ẹ̀tù ní Hóró Kọ̀ọ̀kan

Ó dìgbà kan ná, Bọ̀dá Kúnlé. Ó di ọjọ́ tí a óò tún jókòó sídìí tábìlì kan náà, tí ẹ óò wò mí láti òkè awò ojú yín, tí ẹ óò ní, "Mosún, lọ fọ ọwọ́ rẹ kí o tó fi kan nǹkankan." Ṣé lóòótọ́ lẹ lọ? Ẹ̀yin tí ẹ kì í kúrò nílé láì yẹ ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wá lọ lọ́tẹ̀ yìí láì bojú wẹ̀yìn. Ọmọ ọdẹ Ìgbòho, ọmọ a-fara-balẹ̀-tọ-ipasẹ̀-ẹran, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin gíga tí ń bẹ̀rẹ̀ láti wo ohun kékeré. Mo sunkún yín, Bọ̀dá mi, ṣùgbọ́n ẹkún náà kì í pẹ́, nítorí bí mo bá ti rántí yín, ẹ̀rín ni í kọ́kọ́ dé.

Ẹ̀gbọ́n mi Yétúndé, ìyàwó yín, ló ní kí n kọ èyí. Ó ní àwọn ọmọ yóò kọ nípa bàbá wọn, ṣọ́ọ̀ṣì yóò kọ nípa alàgbà wọn, àwọn ará ibi iṣẹ́ yóò sì kọ nípa mẹkáníìkì tó tún ọkọ̀ òfuurufú ṣe ní pápákọ̀ Atlanta fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ó ní gáréèjì ni kí èmi kọ nípa rẹ̀, nítorí nínú gbogbo ẹbí, èmi apòògùn nìkan ni mo wọ ibẹ̀ tí mi ò sá jáde.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé gáréèjì náà fún àwọn tó wá sin yín, torí mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ lábẹ́lẹ̀. Ẹnìkan ti fà mí sẹ́yìn rí níbi tí a ń páàkì ọkọ̀ sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó bi mí bóyá òótọ́ ni pé Alàgbà Kúnlé ń po bọ́ǹbù nínú gáréèjì ilé rẹ̀ ní Riverdale. Kò sí bọ́ǹbù kankan. Ọta ìbọn ọdẹ ni, òfin sì gbà á láyè.

Ohun mẹ́rin ló para pọ̀ di ọta ìbọn kan. Kòròfo idẹ wà, tó rí bí ìgò kékeré. Ní ìdí kòròfo yìí ni ohun bíńtín kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ ìṣáná. Inú kòròfo ni ẹ̀tù ń gbé. Òjé ṣóńṣó tí a fi bàbà bò ló dé e lẹ́nu, òun ló sì ń fò lọ bá ẹran. Bí a bá ti yìn ín, òjé ti lọ, ẹ̀tù ti jóná, ìṣáná ti kú, ṣùgbọ́n kòròfo idẹ ṣẹ́kù. Ẹni tí kò mọ̀ yóò jù ú nù. Ẹni tó mọ̀ yóò ṣà á nílẹ̀, yóò fọ̀ ọ́ mọ́, yóò tún ẹnu rẹ̀ ṣe, yóò sì tún un kì. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ní gáréèjì nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló dé tí ẹ kò kàn ra ọta ní ṣọ́ọ̀bù? Mo bi yín bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ ní ọta ṣọ́ọ̀bù dára, ṣùgbọ́n gbogbo ìbọn ni wọ́n ṣe é fún, ìbọn tiyín kì í sì í ṣe ìbọn gbogbo ayé. Òótọ́ ni. Bàbá òyìnbó kan tó ń kan ìbọn ní Ellenwood ló ṣe é fún yín. Ó wọn apá yín, ó wọn ọrùn yín, ó wọn láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé èjìká, bí télọ̀ tó fẹ́ rán agbádá. Ó lé ní ọdún kan kó tó parí rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ gbé e délé, àǹtí mi Yétúndé wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní òun ti mọ̀ pé lọ́jọ́ kan ẹ óò mú orogún wá bá òun, ṣùgbọ́n bó ti jẹ́ pé èyí kì í jẹun, òun fara mọ́ ọn.

Ẹ̀tù ni kò fara mọ́. Ìgbà tó rí i pé agolo ẹ̀tù ti wọ gáréèjì ló pè mí ní Redan tí mò ń gbé. Ó ní, "Mosún, wá bá mi wo ọkọ mi. Ẹ̀tù ìbọn wà nínú ilé mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fírísà mi. Ìwọ lo kàwé nípa kẹ́míkà, wá sọ fún un pé ó fẹ́ sun wá mọ́lé." Mo wakọ̀ lọ lẹ́yìn ìsìn, mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu bí agbẹjọ́rò.

Ẹ ò bá mi jiyàn rárá. Ẹ fa àga fún mi. Ẹ fi àpótí onígi tí ẹ̀tù ń gbé hàn mí, ní igun tó jìnnà sí iná àti oòrùn. Lẹ́yìn náà ni ẹ wá bi mí, wẹ́rẹ́ báyìí, bí a ṣe ń wọn oògùn fún àwọn ọmọ tí a bí láìpé oṣù ní ilé ìwòsàn wa. Ọgbọ́n àgbà ni ẹ fi mú mi. Ta ló ń bi apòògùn ní irú ìbéèrè yẹn tí apòògùn yóò dákẹ́? Mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi gbẹ mí. Ẹ wá gbé òṣùwọ̀n yín síwájú mi, òṣùwọ̀n tó lè mọ̀ ọ́n bí hóró ẹ̀tù kan bá dín. Mo rí i pé nọ́ńbà ojú rẹ̀ ń gbọ̀n, kò fẹ́ dúró. Mo wòkè, mo ní kí ẹ pa fáànù. Ẹ pa á, nọ́ńbà sì dúró. Ẹ wò mí bí ẹni tó rí ọmọ ìyá rẹ̀ tó ti sọnù láti ọdún pípẹ́.

Nígbà tí àǹtí mi wọlé láti wá gbọ́ ìdájọ́, ó bá mi pẹ̀lú awò ààbò lójú, mò ń ka hóró ẹ̀tù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí. "Mo rán ajá lọ lé ìkookò," ló wí, "ajá lọ bá ìkookò jókòó jẹun."

Bí mo ṣe di ọmọṣẹ́ yín nìyẹn. Odidi ọdún méjì la fi wá ọta tó bá ìbọn yẹn mu, ní Sátidé méjì láàárín oṣù. Ọ̀nà tí à ń gbà ṣe é kò yàtọ̀ sí bí a ṣe ń wá ìwọ̀n oògùn: ohun kan ṣoṣo ni kí a yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá yí irú ẹ̀tù padà, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òjé. Bí a bá fẹ́ mọ bí òjé ṣe gbọ́dọ̀ wọnú kòròfo tó, ẹ̀tù gbọ́dọ̀ dúró síbi tó wà. Ẹni tó bá yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, tí nǹkan bá dára, kò ní mọ èyí tó ṣe é lóore. A óò kì márùn-ún, a óò lọ sí pápá ìyìnbọn, ẹ óò dọ̀bálẹ̀ sórí ẹní, ẹ óò yìn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi yóò máa kọ eré tí ọta kọ̀ọ̀kan sá bí ẹ̀rọ bá ṣe kà á. Kì í ṣe pé kí ọta sáré jù là ń wá. Kí gbogbo wọn sá eré kan náà ni, kí gbogbo wọn sì lọ síbì kan náà.

Ìwé tí ẹ fi ń kọ àbájáde wà lọ́wọ́ mi báyìí. Yorùbá lẹ fi kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú ewé kan ní: "Òtútù mú. Ọta márùn-ún wọ ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ìkókó lè bò." Ojú ewé mìíràn ní: "Ẹ̀tù dára. Òjé dára. Ẹni tó yìn ín ló mu kọfí jù." Mo rántí ọjọ́ ọmọ ìkókó yẹn. Mo fò sókè, mo ní ó parí, a ti rí i. Ẹ ò tilẹ̀ dìde lórí ẹní. Ẹ ní ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀rí, kí n lọ kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ojú tì mí díẹ̀, torí ohun tí mò ń sọ fún àwọn ọmọ abẹ́ mi níbi iṣẹ́ ní ojoojúmọ́ nìyẹn.

Inú ọkọ̀, lójú ọ̀nà pápá, ni ẹ ti sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún mi. Ẹ wà ní ọmọ ogún ọdún, ẹ wá sílé fún ìsinmi láti ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ gbé ìbọn ṣakabùlà bàbá yín, ẹ fi ojú díwọ̀n ẹ̀tù, ẹ kì í sínú ìbọn, ẹ sì yìn ín fún ìgalà kan. Ẹ̀tù yẹn kò tó. Ọta bà á, kò pa á, ẹran náà sá lọ pẹ̀lú ọgbẹ́. Bàbá yín kò lù yín. Wọ́n kàn ní kí ẹ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí ẹ óò fi rí i. Ọjọ́ méjì lẹ fi tọ̀ ọ́. Nígbà tí ẹ bá a, ó ṣì wà láàyè. Bàbá yín tó tẹ̀ lé yín láti ẹ̀yìn láì sọ̀rọ̀ wá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Ẹran tí o dá lóró tí o kò pa, ìkà lo ṣe, ọdẹ kọ́." Láti ọjọ́ yẹn lẹ ti ṣèlérí fún wọn pé kò tún ní ṣẹlẹ̀ láyé yín. Ẹ sì fẹ́ lọ sí orí òkè Colorado lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó darúgbó, níbi tí àgbọ̀nrín tó tóbi tó màlúù ń gbé, tó sì jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ni ọdẹ ti ń yìn ín. Ẹ fẹ́ fi ọta tí ẹ fọwọ́ ara yín kì pa ọ̀kan, ní ẹ̀ẹ̀kan náà, láì jẹ́ kó mọ ìrora. Ohun tó kù tí ẹ ń tọrọ lọ́wọ́ ayé nìyẹn.

Ìbò ni wọ́n fi ń pín ìwé àṣẹ ọdẹ ibẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ fi ń kọ̀wé tí wọn ò mú yín. Ní ọdún kẹwàá, ó jáde. Ẹ ka lẹ́tà náà nídìí oúnjẹ, ẹ ṣí fìlà, ẹ sì ń jẹun yín lọ. Àǹtí mi ló jó fún yín.

Nísinsìnyí, mo ní láti sọ ohun tí mo ṣe, nítorí ẹ kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni lóde ilé títí ẹ fi lọ.

Níbi iṣẹ́ yín, ẹni tó de bóòtù mọ́ ọkọ̀ òfuurufú kọ́ ló ń fọwọ́ sí i pé ó le. Ẹlòmíràn ni yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò. Níbi iṣẹ́ tèmi náà, ẹni tó po oògùn kọ́ ló ń jẹ́rìí sí i. A gbé òfin yìí wọ gáréèjì. Ẹ̀yin yóò wọn ẹ̀tù sínú kòròfo, ẹ óò tò wọ́n sórí pákó oníhò, márùn-ún márùn-ún. Èmi yóò mú tọ́ọ̀ṣì kékeré, n óò wo inú kòròfo kọ̀ọ̀kan, n óò sì mú ọ̀kan láti ìlà kọ̀ọ̀kan padà sórí òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn la óò tó fi òjé dé wọn lẹ́nu. Àwa méjèèjì yóò wá fọwọ́ sí bébà ara páálí. Àǹtí mi a máa fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ẹ̀ ń fọwọ́ sí ọta bí ẹni ń fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó. Ṣé ẹ fẹ́ yìn ín ni àbí ẹ fẹ́ gbé e níyàwó?"

Sátidé tó ṣáájú ìrìn-àjò yín, a kì ogójì ọta ìkẹyìn, èyí tí ẹ óò gbé lọ. Ilé ìwòsàn ni mo ti wá tààrà, oorun ń kùn mí. Mo wo ìlà kìíní, mo wo ìkejì. Àǹtí mi gbé ìrẹsì àti adìyẹ wọlé, a lọ fọwọ́, a jẹun, a ṣeré. Nígbà tí a padà sídìí tábìlì, mo ní kí ẹ fi òjé dé gbogbo wọn lẹ́nu, mo mú bírò, mo fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé mi ò wo ìyókù. Ojú mi rí àkọsílẹ̀ yín lórí bébà, ọkàn mi sì ní, "Bọ̀dá Kúnlé ló wọ̀n ọ́n, ó ti tán." Irú àṣìṣe yìí, ẹni tó mọ iṣẹ́ dáadáa ló máa ń ṣe é. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́, ẹ̀rù ni yóò mú un wò ó.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo tó mọ̀. Ọmọbìnrin kan wà lábẹ́ mi níbi iṣẹ́, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Mo rí i tó fọwọ́ sí oògùn tí mo pò kí n tó gbé e dé iwájú rẹ̀ tán. Mo bi í bóyá ó wò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ pò ó, ma. Kí ni mo tún fẹ́ wò?" Mo la ẹnu láti bá a wí. Bébà tí mo fọwọ́ sí ní gáréèjì ló sọ sí mi lọ́kàn.

Ọjọ́bọ̀ lẹ máa gbéra. Mo jókòó sínú ọkọ̀ mi ní àsìkò oúnjẹ ọ̀sán, mo ń ro ó. Ẹ̀tù ìlọ́po méjì kò lè wọ kòròfo yẹn, yóò kún sílẹ̀, nítorí náà kì í ṣe pé ìbọn yóò bú mọ́ yín lọ́wọ́. Èyí tó bá dín ló ń bà mí lẹ́rù. Bí ẹ̀tù bá dín díẹ̀, ọta yóò rọra lọ. Bí ó bá rọra lọ sí ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, yóò wálẹ̀ ju ibi tí ẹ fojú sùn lọ. Dípò àyà, ó lè bá a ní ikùn tàbí ẹsẹ̀. Ẹran yóò sá lọ pẹ̀lú ọgbẹ́. Bí mo bá dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí nǹkankan má ṣẹlẹ̀, torí ẹ kì í ṣàṣìṣe. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ogójì ọta ti bàjẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta sí ìrìn-àjò tí ẹ ti ń retí láti ọdún mẹ́wàá, ẹ kò sì ní gbẹ́kẹ̀ lé mi mọ́. Ìyẹn, kí n má parọ́, ló ń dùn mí jù.

Mo pè yín níbi iṣẹ́. Mo ní, "Bọ̀dá mi, mo fọwọ́ sí ohun tí mi ò wò."

Mò ń gbọ́ ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú lẹ́yìn yín. Ẹ bi mí pé ìlà mélòó. Mo ní méjì péré ni mo rántí pé mo wò, a sì ti kó gbogbo wọn pọ̀ sínú páálí.

"Ó dáa," lẹ wí. "Ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ wá òòlù."

Òòlù oníke kan wà tí orí rẹ̀ ṣófo nínú, òun la fi ń tú ọta. A óò ki ọta sí orí rẹ̀, a óò máa gbá a mọ́ pákó títí òjé yóò fi yọ, ẹ̀tù á sì dà sínú rẹ̀. Ìgbà ogójì la ní láti ṣe é ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin ń wọn ẹ̀tù tó jáde, èmi ń kọ ọ́, àǹtí mi ló sì gba òòlù lọ́wọ́ yín. Ó ní láti ọjọ́ tí orogún òun ti wọlé lòun ti ń wá ọ̀nà láti na nǹkankan tó jẹ́ tirẹ̀. Ó ń gbá a débi pé aládùúgbò wá béèrè bóyá à ń tún ilé ṣe. A rẹ́rìn-ín títí.

A tú ogójì. Kò sí ọ̀kan tó dín, kò sí ọ̀kan tó lé. Gbogbo rẹ̀ pé pérépéré bí ẹ ṣe kọ ọ́. Mo bú sẹ́kún. Mo ní mo ti ba iṣẹ́ yín jẹ́ lásán.

Ẹ bọ́ awò ojú yín. "Ta ló ní lásán ni? Ní Sátidé, a gbà á gbọ́. Lónìí, a mọ̀ ọ́n."

Òjé tí òòlù ti yọ ti ní àpá lára, ẹ kò sì fẹ́ gbé irú rẹ̀ lọ. Òjé tuntun tó kù nínú páálí jẹ́ mọ́kànlá. Ẹ kì mọ́kànlá. Mo wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn títí ẹ fi ní kí n rọra, kí ojú mi má tanná ràn wọ́n. Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ lọ.

Nígbà tí ẹ dé, ẹ kò lè jókòó sọ ìtàn náà. Ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ láti fi hàn wá. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ rí akọ àgbọ̀nrín kan ní òdìkejì àfonífojì, ó jìnnà tó pápá bọ́ọ̀lù mẹ́fà. A ti dán ọta yẹn wò ní ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Amọ̀nà yín ń sọ fún yín wúyẹ́wúyẹ́ pé kí ẹ yìn ín. Ẹ wo koríko ẹ̀gbẹ́ yín, ó tẹ̀ sọ́tùn-ún. Ẹ fi awò orí ìbọn wo koríko inú àfonífojì, ó tẹ̀ sósì. Ẹ mú ìka kúrò. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í fàyà fà bí alángbá, ó lé ní wákàtí méjì, títí ohun tó wà láàárín ẹ̀yin àti ẹran náà kò fi tó pápá bọ́ọ̀lù kan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ yìn ín. Ibi tó dúró sí ló ṣubú sí, kò gbé ẹsẹ̀ kan.

Mo fọwọ́ lérí. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ibi tí bàbá yín ìbá ti fi ṣakabùlà pa á kọ́ nìyẹn? Ọdún méjì tí a fi ń ka hóró ẹ̀tù ńkọ́?"

Ẹ dìde lórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ ń gbọn aṣọ yín. "Ọta náà lè dé ibẹ̀, Mosún. Èmi fọwọ́ sí i, ìwọ náà fọwọ́ sí i. Afẹ́fẹ́ ni kò fọwọ́ sí i."

Ẹ ní ẹ kúnlẹ̀ ti ẹran náà, ẹ sì bá bàbá yín sọ̀rọ̀ sókè ní Yorùbá. Amọ̀nà rò pé àdúrà ni, ó ṣí fìlà. Ẹran náà tó gbogbo àdúgbò. Àǹtí mi dín in, ó fi ata rodo tó pọ̀ sí i, ó jẹ ẹ́, ó jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wa pé orogún òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáná.

Nígbà tí àìsàn ọkàn dé bá yín lọ́dún yìí, ẹ kò yí padà. Ẹ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ẹ ń bi nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan tó gbé oògùn wá pé ta ni ẹnì kejì tó bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi ẹ̀rín bi wọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn yín. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n mú ìwé kan wá, èyí tí aláìsàn fi ń yan ẹni tí yóò máa dáhùn fún un bí kò bá lè dáhùn fúnra rẹ̀ mọ́. Àǹtí mi ní òun kò lè ṣe é, ẹkún kò ní jẹ́ kí òun ríran. Gbogbo wa ń retí kí ẹ dárúkọ àkọ́bí yín. Ẹ dárúkọ mi.

Mo ní kí ẹ má ṣe é. Mo ní ẹ rántí ogójì ọta yẹn, ẹ rántí pé èmi ni mo fọwọ́ sí ohun tí mi ò wò.

"Torí ẹ̀ ni," lẹ dáhùn. "Gbogbo ènìyàn ló ń gbàgbé láti wò. Ìwọ lo pè mí láti sọ ọ́. Irú rẹ ni mo fẹ́ kó dúró tì mí."

Mo dúró tì yín, Bọ̀dá mi. Ní àràárọ̀ ni mo ń ka gbogbo oògùn yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo bi àwọn dókítà ní ìbéèrè débi pé bí wọ́n bá rí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn a yà gba ọ̀nà mìíràn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n sọ pé kò sí ohun tó kù láti ṣe, mi ò gbà á gbọ́. Mo ka ìwé ìtọ́jú yín láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn. Mo ní kí dókítà mìíràn tí kò mọ̀ yín rí wá kà á. Mo tún un kà. Oòrùn ti wọ yàrá náà, àǹtí mi di ọwọ́ yín mú, ẹ̀ ń mí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń sinmi lẹ́yìn iṣẹ́. Kò sí ohunkóhun tí a gbójú fò. Ìgbà yẹn ni mo tó gba bírò láti fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n dá ìtọ́jú dúró.

Mo wò ó o, Bọ̀dá Kúnlé. Mo wò ó tán pátá kí n tó fọwọ́ sí i. Ẹ sùn re, ọmọ ọdẹ Ìgbòho. Ẹ sùn fọnfọn, kò sí ìrora mọ́.

Mosúnmọ́lá, àbúrò ìyàwó yín